Wáyà Nínú Ògiri Amọ̀

Aago méje kò tíì lù. Kùrukùru ọ̀sà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà,
Àjàṣẹ́ ṣì ń nu ipin ojú.
Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan
tí àwọn Òyìnbó kọ́ fún àwọn tí yóò di olùkọ́,
tí yunifásítì wá jogún, tòun ti àdán inú àjà rẹ̀,
tòun ti páànù tó ń jò sórí ìwé.
Wọ́n ní ká sọ ọ́ di ilé ìmọ̀ ìṣirò,
kí kọ̀ǹpútà ogójì máa mí níbi tí ẹfun ti máa ń fọ́.
Iṣẹ́ tèmi ni wáyà.
Èmi Ìsọ̀fátù, ọmọ Láwàní oníná.
Bàbá tó bí Láwàní wà lára àwọn tó rẹ́ ògiri yìí.

Ògiri náà nípọn ju igbọ̀nwọ́ kan lọ.
Amọ̀ pupa ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi pò ó,
ìkarahun ọ̀sà ni wọ́n sun, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi kùn ún.
Oòrùn ọ̀sán dé ibẹ̀, ó padà.
Íńtánẹ́ẹ̀tì dé ibẹ̀,
òun náà padà.
Akínọ̀ṣọ́, ẹnjiníà wa, na fóònù sókè bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù,
ó rìn dé àtẹ̀gùn, ó rìn dé fèrèsé,
ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wó o. Bíríkì sìmẹ́ńtì á jẹ́ kó kọjá."
Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ kàn án ná."
Ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí ikùn àmù.
Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jẹun.

Bẹ́ẹ̀ ni ògiri ṣe dúró, tí wáyà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.
(Wọ́n ṣì fi ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin sínú ilé tó ti tutù.
N kò bá wọn jà. Èmi kọ́ ni mo ni owó.)
Mo ń gbẹ́ ọ̀nà tóóró lẹ́yìn pákó,
eruku pupa ń wọ irun mi, ó ń wọ eyín mi,
mo ń tọ́ ọwọ́ bàbá àgbà wò.

Lọ́jọ́ kẹta, Núrù ọmọ iṣẹ́ mi pariwo.
Ọ̀dà funfun ti ṣí lójú ògiri yàrá kejì,
lábẹ́ funfun, ọ̀dà aláwọ̀ ewé, lábẹ́ ewé, ẹfun,
lára ẹfun ni ẹnìkan ti fi èédú kọ ọ́:
7 × 8 = 54.
Kò sẹ́ni tó fagi lé e.
Láti ayé ọjọ́ wo ni àṣìṣe yìí ti ń sùn?
Kò jí, kò dàgbà.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Àfúdà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó ní ká fi gíláàsì bò ó.
Sàbí tó ń kun ọ̀dà ní gíláàsì kò sí nínú àdéhùn.
Mo rò pé wọ́n ṣì ń fà á.

Ohun tí èmi rí, n kò pe ẹnikẹ́ni sí i.
Lẹ́yìn férémù fèrèsé, níbi tí ojú kì í dé,
ìka márùn-ún ti rì sínú amọ̀ kó tó gbẹ.
Ó lè jẹ́ ti bàbá àgbà. Ó lè jẹ́ ti alágbàṣe kan láti Àjàrá
tó ń wá ibi dì mú kó má baà ṣubú.
Bàbá àgbà kò kàwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé,
ẹnu géètì ló ti wò ó, nínú ẹ̀wù tó yá.
Gbogbo ohun tó máa ń sọ nípa rẹ̀ kò ju èyí:
"Àjà wọn ga jù. Àdán yóò dúpẹ́."

Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ náà. Kò bá a mu, tèmi kéré.
Mo fa wáyà búlúù gba àárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e,
mo fi amọ̀ dí i, díẹ̀ péré.

Nírọ̀lẹ́ a dán an wò.
Kọ̀ǹpútà kan tàn, òmíràn tàn. Ìkẹta kọ̀.
Ọmọdébìnrin kan ń bọ̀ láti Wàǹdó, garawa lórí,
ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń wo iná.
Mo ní kó wọlé. Ó ní òun kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.
Mo ní, "Mo mọ̀. Méje lọ́nà mẹ́jọ, èló ni?"
Ó sọ garawa kalẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka.